Pípààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ Ìjàpá, àti wíwá ohun tó pa ti àtijọ́

Kílọ́ọ̀ṣì ló ń so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ gíábọ́ọ̀sì, tó sì ń já wọn kúrò lára ara wọn tí ẹ bá tẹ pẹ́dà rẹ̀: prẹ́ṣọ̀ onísípíríìnì ló ń tẹ pléètì tó ní láínì lójú mọ́ fláíwíìlì, irin róbótó ńlá tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí. Ti Volkswagen Ìjàpá (Beetle) kì í ṣàdédé kú. Agbára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà kò pọ̀ débi tí yóò fi jẹ ẹ́ run, tí wọ́n bá lò ó bó ṣe yẹ, ọdún gbọọrọ ló máa ń lò. Èyí tó bá tètè kú, nǹkan ló pa á: ọ́ìlì tó jò sí i lára, pẹ́dà tí kò ní àyè, kébù tí wọ́n fà le jù, tàbí ẹsẹ̀ awakọ̀ tí kì í kúrò lórí pẹ́dà nínú gòsíló láti Oṣòdì títí dé Mile 2. Ẹni tó bá kàn tú ti àtijọ́ dànù, tó ki tuntun bọ ibẹ̀, tó sì dè é padà láì wá ẹni tó pa á, yóò tún padà sábẹ́ ọkọ̀ yẹn láìpẹ́. Nítorí náà, bí a ṣe ń tú u la ó máa wádìí.

Ìjàpá ni mo mú torí pé òun ló rọrùn jù fún ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ibi mẹ́rin péré ni wọ́n ti de ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́ gíábọ́ọ̀sì, ẹ̀yìn ló wà, kò ní rádíétọ̀, kò sì sí omi tí a ó dà nù. Èyí tí wọ́n tò l'Ékòó láti 1975 ní ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria, èyí tó wá láti Jámánì àti èyí tó wá láti Brazil, ọ̀nà kan náà ni iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì wọn ń gbà.

Ṣé kílọ́ọ̀ṣì ni lóòótọ́?

Ẹ má tíì mú sípánà. Ẹ wa ọkọ̀ náà lọ sójú títì tó tẹ́jú, ẹ fi sí gíà kẹrin, ẹ jẹ́ kó máa sá ní nǹkan bíi 40 km ní wákàtí kan, kí ẹ wá tẹ epo mọ́lẹ̀ pátápátá. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá lọ sókè tí ọkọ̀ kò sì sáré sí i, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀ nìyẹn. Láínì ti lè tán, ó sì lè ti mu ọ́ìlì. Ó sì lè jẹ́ pé pẹ́dà ni kò láyè, ìyẹn iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Àrùn kejì ni kílọ́ọ̀ṣì tó kọ̀ tí kò já. Ẹ dúró sójú kan pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, ẹ tẹ pẹ́dà kanlẹ̀, ẹ ka oókan dé aárùn-ún, kí ẹ wá fi sí rìfáàsì. Gíà rìfáàsì Ìjàpá kò ní ohun tó ń bá a mú eré dọ́gba kó tó wọlé, òun ló ń kọ́kọ́ tú àṣírí. Bó bá han gooro, kílọ́ọ̀ṣì kò já tán. Níbí yìí, kébù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, ẹ jẹ́ kí prẹ́ṣọ̀ tẹ̀ lé e.

Ti ariwo náà wà. Èyí tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dà nìkan ló ń dún, bíárìn kílọ́ọ̀ṣì ni, èyí tó ń ti prẹ́ṣọ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dà. Èyí tó ń dún nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí pẹ́dà, tó sì dákẹ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, inú gíábọ́ọ̀sì ló ti ń wá, kílọ́ọ̀ṣì tuntun kò ní wò ó sàn.

Kí ẹ tó pinnu, ẹ fi ọwọ́ tẹ pẹ́dà. Ó gbọ́dọ̀ rìn wọlé fẹ́rẹ́ láìsí agbára, láàárín 10 sí 20 mm, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í le. Bí kò bá rìn rárá, ẹ wọ abẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Lápá òsì gíábọ́ọ̀sì, ẹ ó rí ibi tí kébù ti jáde wá sórí apá irin kan, nọ́ọ̀tì elétí méjì ló dì í mú. Ẹ tú u díẹ̀ títí pẹ́dà yóò fi ní àyè, kí ẹ tún ìdánwò gíà kẹrin yẹn ṣe. Bó bá ṣì ń yọ̀, a ti dé ibi iṣẹ́.

Ohun kan ṣì kù kí ẹ tó tú nǹkankan. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ di púlì ńlá ẹ̀yìn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ẹ fà á, ẹ tì í. Àyè tó yẹ kó wà níbẹ̀ jẹ́ 0.07 sí 0.13 mm, ojú lásán kò lè rí i. Bí ẹ bá ń rí i tó ń lọ tó ń bọ̀, tàbí tó ń kan "kó, kó", bíárìn inú ẹ́ńjìnnì ti jẹ. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ yóò máa ba síìlì ẹ̀yìn (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò síta) jẹ́, síìlì yóò máa jò, ọ́ìlì yóò sì máa pa kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ ti rí apànìyàn kan láìtíì gbé jáàkì nìyẹn.

Ọjà rírà

Pléètì, prẹ́ṣọ̀ àti bíárìn, mẹ́ta yìí lẹ ó rà pọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ẹ ra pléètì nìkan torí owó. Prẹ́ṣọ̀ tó ti ń tẹ pléètì fún ọdún mélòó kan, ojú rẹ̀ ti gbẹ́, sípíríìnì rẹ̀ ti rọ̀. Owó tí ẹ fi pamọ́ níbẹ̀ lẹ ó tún san fún ẹni tó máa bá yín gbé ẹ́ńjìnnì sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ fi àwọn nǹkan kéékèèké wọ̀nyí kún un: síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn fláíwíìlì, rọ́bà róbótó inú fláíwíìlì bí ti yín bá jẹ́ irú tó ń lò ó, síìlì ọ̀pá tó yọ síta láti inú gíábọ́ọ̀sì, búṣì kékeré tí ọ̀pá sítátà ń yí nínú rẹ̀, kébù kílọ́ọ̀ṣì, àti rọ́bà epo tuntun. Gbogbo wọn pọ̀, owó wọn kò tó ìdajì owó kílọ́ọ̀ṣì, ibi tí wọ́n sì wà, ẹni tó bá yọ ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń rí ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ibi tí wọ́n ti ń ta ọjà tí kò bá a mu fún ènìyàn pọ̀. Pléètì Ìjàpá wà ní 180 mm, ó sì wà ní 200 mm. Ẹ má jẹ́ kí ọdún tó wà lórí ìwé ọkọ̀ tàn yín jẹ, torí ọ̀pọ̀ Ìjàpá ló ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì láyé rẹ̀. Bíárìn náà sì jẹ́ irú méjì. Ti àtijọ́, irin róbótó kan wà láàárín prẹ́ṣọ̀ tó ń tẹ̀ mọ́, kò sì sí páìpù kankan tó ń tọ́ ọ sọ́nà lára gíábọ́ọ̀sì. Ti ọkọ̀ 1971 síwájú, páìpù kékeré kan wà lára gíábọ́ọ̀sì tí bíárìn ń sún lórí rẹ̀, prẹ́ṣọ̀ rẹ̀ kò sì ní irin róbótó yẹn. Ẹ kò gbọ́dọ̀ dà wọ́n pọ̀. Ohun tó dára jù ni pé kí ẹ tú ti àtijọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ sí ọjà Ládípọ̀, kí ẹ gbé e dání, kí ẹ sì fi wọ́n síra lójú ọlọ́jà.

Pléètì tòkunbọ̀? Rárá. Ẹ kò mọ ọ́ìlì tó ti mu níbi tó ti wá. Tuntun ṣì wà lọ́jà dáadáa, torí pé Brazil tún Ìjàpá ṣe láti 1993 títí di 1996, Mexico kò sì dáwọ́ rẹ̀ dúró títí di 2003. Bí ẹ bá di pléètì mú nílé ìtajà, ẹ wo orí rífẹ́ẹ̀tì, ìṣó tó di láínì mọ́ pléètì: gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wọlé jìn dọ́gba sínú láínì. Ẹ mì í létí: sípíríìnì àárín rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa mì pẹkẹpẹkẹ.

Yíyọ ẹ́ńjìnnì

Orí ilẹ̀ kóńkárá ni kí ọkọ̀ wà. Ẹ fi òkúta dí táyà iwájú méjèèjì, ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn, ẹ yọ orí bátìrì tó lọ sí ara ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí epo inú táǹkì kéré bó bá ṣeé ṣe, kó má kún.

Láti òkè, ẹ yọ ilé afẹ́fẹ́ tó wà lórí kabúrétọ̀. Ẹ tú kébù epo lára kabúrétọ̀, kí ẹ fà á kúrò. Wáyà kọ́ìlì, wáyà kabúrétọ̀, wáyà iná ọ́ìlì, wáyà dáínámò: ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ibi tó ti wá sí i, tàbí kí ẹ fi fóònù ya fọ́tò wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ tú páànù tó bo ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ púlì.

Láti ìsàlẹ̀, ẹ yọ kébù méjèèjì tó ń ṣí ooru wọ inú ọkọ̀ àti rọ́bà ńlá tó ń gbé e, bí wọ́n bá ṣì wà (lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ nílẹ̀ wa, wọ́n ti gé e dànù tipẹ́, ta ló fẹ́ ooru?). Rọ́bà epo wà níwájú ẹ́ńjìnnì lápá òsì. Ẹ fi nǹkan fún un pa kí ẹ tó fà á yọ, kí ẹ sì fi bóòtù tó mọ́ dí ẹnu rẹ̀. Ẹni tó ń mu sìgá kó kúrò nítòsí, kí ẹ sì pa jẹnẹrétọ̀ tó bá wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀tì àti bóòtù mẹ́rin náà ló kù, sípánà 17. Ẹ kọ́kọ́ tú méjì tó wà lókè. Ẹ̀yìn ilé fáànù ni wọ́n wà, ọwọ́ nìkan ló ń rí wọn. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún lókè ló tún di sítátà mú. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ kan orí bóòtù rẹ̀ kó má baà máa bá nọ́ọ̀tì yí. Bó bá ń yí, ẹ ní kí ẹnìkan wọ abẹ́ lọ di orí rẹ̀ mú.

Ẹ wá gbé ìdí ọkọ̀ sókè, kí ẹ gbé e ka ẹsẹ̀ irin tó lágbára. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló dì í mú. Ẹ gbé pákó lé orí jáàkì onítáyà, ẹ tì í sábẹ́ àárín ẹ́ńjìnnì, kó gbé e díẹ̀ débi pé ìwúwo rẹ̀ kò sí lórí bóòtù mọ́. Ẹ́ńjìnnì yẹn lé ní 100 kg. Ìgbà yẹn lẹ ó tó tú nọ́ọ̀tì méjì ìsàlẹ̀.

Ẹ fà á sẹ́yìn gbọọrọ, lọ́nà tó tọ́, bíi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, títí ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì yóò fi jáde tán nínú pléètì. Ẹ kò gbọ́dọ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ṣáájú ìyẹn. Bí ẹ́ńjìnnì bá fi ìwúwo rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọ̀pá yẹn, yóò tẹ pléètì, ó sì lè tẹ ọ̀pá náà fúnra rẹ̀. Tó bá ti jáde, ẹ sọ jáàkì kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo kébù epo kó má há. Àwọn mẹkáníìkì wa mìíràn kì í lo ẹsẹ̀ irin rárá, ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin á di bọ́ńpà ẹ̀yìn mú, wọ́n á gbé ìdí ọkọ̀ sókè, ẹnìkan á sì fa ẹ́ńjìnnì jáde. Ó ń yá. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń fà á ló wà nínú ewu.

Ta ló pa á?

Ẹ má tíì nu nǹkankan. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó bó ṣe wà, nítorí ẹ̀rí wà nínú ìdọ̀tí yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe fẹ́ eruku rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu tàbí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Láínì àtijọ́ lè ní asbestos nínú, ẹ̀dọ̀fóró kò gbà á. Àkísà tútù ni kí ẹ fi nù ún tí ẹ bá ti wò ó tán.

Ẹ sàmì sí ara prẹ́ṣọ̀, kí ẹ tú bóòtù rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pẹ̀lú sípánà 13, díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ kan sí òdìkejì rẹ̀. Ẹni tó bá tú ẹyọ kan tán kó tó bọ́ sórí èkejì yóò tẹ prẹ́ṣọ̀.

Bí pléètì bá gbẹ, tí láínì rẹ̀ tán dé orí rífẹ́ẹ̀tì, tí ojú fláíwíìlì sì dán, ọjọ́ orí ló pa á, kò sí ẹjọ́. Bí àmì aláwọ̀ aró bá wà lójú fláíwíìlì, pẹ̀lú ìlà wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ tó sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ooru ni: pẹ́dà kò láyè, tàbí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ lé e. Ẹ bá onímọ́tò sọ̀rọ̀. Fláíwíìlì tí ìlà rẹ̀ bá ti jìn tó láti mú èékánná, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ tọ́nà kó fá a, bó bá sì ti sán wọlé, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bí pléètì bá tutù fún ọ́ìlì, ẹ fi ìka kan án, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń dúdú, ó máa ń rùn bí epo jíjóná. Gíà ọ́ìlì nípọn jù ú lọ, ó sì ń rùn bí imí ọjọ́. Òórùn yìí nìkan yóò sọ ìhà tí ẹ ó kọjú sí. Ti ẹ́ńjìnnì: ẹ wo ẹ̀yìn fláíwíìlì, síìlì ńlá ló jò. Bí ọ́ìlì bá ti àárín fláíwíìlì jáde wá sójú rẹ̀, rọ́bà róbótó inú rẹ̀ ló kú. Ti gíábọ́ọ̀sì: ẹ wo ìdí ọ̀pá lẹ́yìn bíárìn, àyíká rẹ̀ yóò tutù.

Nọ́ọ̀tì ńlá kan láàárín, 36 mm, ló di fláíwíìlì mú. Kò rọrùn láti tú, torí pé 343 Nm (Nm ni wọ́n fi ń wọn agbára ìyípo) ni wọ́n fi ń dè é. Ẹ fi bóòtù de irin gígùn kan mọ́ ojú fláíwíìlì kó má baà yí, ẹ ki páìpù gígùn bọ ọwọ́ sípánà. Bí ẹ ò bá ní tọ́kì rẹ́ǹṣì (sípánà tó ń wọn agbára yẹn) tó tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń dè é padà, ìṣirò kan nìyí: ẹni tó wọn 70 kg, tó gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé páìpù tó dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ní ìdajì mítà sí àárín nọ́ọ̀tì, ti fún un ní iye yẹn gan-an.

Kí ẹ tó yọ fláíwíìlì, ẹ sàmì sí i kó lè padà sójú ibi tó wà. Ẹ ó rí àwọn páànù tẹ́ẹ́rẹ́ róbótó mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má sọ wọ́n nù, ẹ má sì pààrọ̀ wọn. Àwọn ló ń díwọ̀n àyè púlì tí a wò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi sukudiráfà yọ síìlì àtijọ́ láì fá ara ẹ́ńjìnnì, ẹ nu ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹ fi ọ́ìlì pa ètè tuntun, kí ẹ sì tì í wọlé yíká dọ́gba. Síìlì tó bá wọlé ní wíwọ́ yóò jò kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Bíárìn kékeré alábẹ́rẹ́ wà nínú nọ́ọ̀tì ńlá yẹn, ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì ló ń jókòó sínú rẹ̀. Ẹ fi ìka yí i. Bó bá ń há tàbí tó ti gbẹ, ẹ pààrọ̀ nọ́ọ̀tì náà pátá. Gíríìsì tó kéré bí orí ìṣáná ti tó o, èyí tó bá pọ̀ yóò fò sórí pléètì.

Ní ìhà gíábọ́ọ̀sì, ẹ pààrọ̀ síìlì ọ̀pá àti búṣì sítátà. Ẹ fi ọwọ́ mì ọ̀pá tó ń gbé bíárìn. Bó bá ń mì lókè-nílẹ̀, búṣì rẹ̀ ti jẹ. Bíárìn tuntun, ẹ má fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́. Wọ́n ti di gíríìsì sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, bẹntiróòlù á tú gbogbo rẹ̀ jáde. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn ọ̀gá ńlá ṣe ń rì í sínú agolo bẹntiróòlù pé kó lè mọ́.

Dídè é padà

Ẹ fi àkísà tó mọ́ nu ojú fláíwíìlì àti ojú prẹ́ṣọ̀ tuntun kúrò nínú ọ́ìlì tí wọ́n fi pa á kó má dípẹtà. Ẹ kọ́kọ́ ki pléètì bọ orí ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì: ó gbọ́dọ̀ sún lọ sún bọ̀ láìhá. Lára fláíwíìlì, ìhà tó tẹ́jú ni kó kọjú sí fláíwíìlì, ìhà tí àárín rẹ̀ yọ síta ni kó kọjú sí gíábọ́ọ̀sì.

Ẹ fi ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì àtijọ́ tàbí irin ìwá-àárín tí wọ́n ń tà pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì dá pléètì dúró sáàárín gan-an, kí ẹ máa de bóòtù prẹ́ṣọ̀ díẹ̀díẹ̀ ní òdìkejì-òdìkejì títí dé 25 Nm. Tí pléètì kò bá sí láàárín, ẹ́ńjìnnì kò ní wọlé bí ẹ tilẹ̀ pe gbogbo àdúgbò.

Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì sókè lórí jáàkì. Kó tó wọlé tán, ẹ ki kébù epo gba inú páìpù rẹ̀ lára ilé fáànù. Ẹni tó bá gbàgbé èyí yóò tún fa ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn. Ẹ fi ọkọ̀ sí gíà, kí ẹ máa yí púlì díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń ti ẹ́ńjìnnì wọlé, títí eyín ọ̀pá àti eyín pléètì yóò fi bára wọn mu. Ọwọ́ ni kó tì í wọlé dé òpin. Ẹ má fi nọ́ọ̀tì fà á, torí bí ojú méjèèjì kò bá tíì kanra, ohun kan ń dí i, agbára sípánà yóò kàn fọ́ ọ ni. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin náà kò ju 30 Nm lọ.

Kébù

Bí ẹ bá ń fi kébù tuntun sí i, ẹ kọ́kọ́ fi gíríìsì pa á láti orí dé ìdí. Rọ́bà líle tí kébù ń gbà kọjá láti inú ọkọ̀ sára gíábọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, 25 sí 45 mm ní àárín rẹ̀. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò, òun ló sì ń jẹ́ kí ọkọ̀ tó gba kílọ́ọ̀ṣì tuntun ṣì máa gbọ̀n jìgìjìgì bó bá ń gbéra. Bó bá nà jù, ẹ fi wọ́ṣà kún ibi tó ti wọnú irin ìdìmú rẹ̀ lára gíábọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó fi nọ́ọ̀tì elétí méjì fún pẹ́dà ní àyè 10 sí 20 mm rẹ̀. Etí nọ́ọ̀tì náà gbọ́dọ̀ jókòó sínú ihò apá irin, kó má baà tú fúnra rẹ̀.

Ẹ so bátìrì, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì wo rọ́bà epo dáadáa kó má jò kí ẹ tó kúrò nídìí rẹ̀. Ẹ tún ìdánwò rìfáàsì ṣe: tẹ pẹ́dà, ka oókan dé aárùn-ún, fi sí i. Ó gbọ́dọ̀ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Fún nǹkan bíi 500 km àkọ́kọ́, ẹ má gbé ẹrù wúwo, ẹ má fi kílọ́ọ̀ṣì di ọkọ̀ mú lórí òkè, kí láínì lè jókòó. Láàárín ìgbà yẹn ni yóò jẹ díẹ̀, àyè pẹ́dà yóò sì dín kù, nítorí náà ẹ padà sábẹ́ ọkọ̀, kí ẹ tú nọ́ọ̀tì elétí náà ní ìdajì ìyípo kan tàbí méjì títí àyè náà yóò fi pé.